Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Ìṣirò Ní Iṣẹ́ Aró

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ro iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe. Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ ní Ìkẹjà, ilé tí a ti ṣe é sì ti di ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì àti ṣúgà pamọ́ sí. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, torí iṣẹ́ lè parẹ́ kí ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì wúlò.

Aṣọ ni mo rẹ láró, láti ìgbà tí mo wà ní wúńdíá títí irun mi fi funfun. Mo ka ìwé mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó parí síbẹ̀. Bí mo ṣe wọ ilé iṣẹ́ kò gùn rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Agége mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹni náà mú mi wọlé. Owó oṣù ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí wọ́n gbé mi sí, kíṣìnnì ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn. Mo rò pé oúnjẹ ni màá máa sè fáwọn òṣìṣẹ́, mo tiẹ̀ ti ń ro bí màá ṣe máa bu ọbẹ̀ wálé. Ìgbà tí mo débẹ̀, àgbá ni mo bá, àti òṣùwọ̀n, àti àwọn obìnrin tí ọwọ́ ti ọ̀kan pọ́n, tí ọwọ́ ti èkejì dúdú bí ẹlú. Àwọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Bí aṣọ funfun bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ dé, a máa wo bó ṣe wúwo tó. Ìwúwo aṣọ ló ń sọ iye búlúù, iye yẹ́lò, iye pupa àti iye iyọ̀ tó máa bá a wọ inú ẹ̀rọ tó ń sè é. Bí èyíkéyìí bá fi díẹ̀ lé tàbí tó fi díẹ̀ dín, aṣọ tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé á di àwọ̀ omi ẹ̀fọ́.

Màmá Àbẹ̀ní ló ni kíṣìnnì náà. Mi ò sọ pé òun ló ni ilé iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kì í sáré, kì í sì í rẹ́rìn-ín títí iṣẹ́ á fi parí. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, aláró ẹlú ni wọ́n. Àṣà agbo aró ilé wọn ló gbé wá sáàárín ẹ̀rọ òyìnbó: ẹnikẹ́ni kì í da àwọ̀ ní ìdákẹ́. Ẹni tó wọ̀n ọ́n máa kígbe pe iye rẹ̀. Ẹni tó máa dà á máa dáhùn, á tún iye náà pè, kó tó dà á. Bí kò bá dáhùn, àwọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ó ní ojú máa ń ṣìnà, ọwọ́ náà máa ń ṣìnà, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi fún wa ní ẹnu àti etí kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn méjì yòókù.

Màmá yìí le. Ìgbálẹ̀ àti fífọ igbá ìwọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe é pẹ́ débi pé mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Tó bá rí àmì àwọ̀ lára igbá tí mo fọ̀, kò ní bínú. Á kàn gbé e padà síwájú mi, á sì lọ. Ìgbà tí wọ́n wá fún mi láyè láti wọ̀n iyọ̀, ojú ń tì mí láti pariwo láàárín àwọn àgbà. Mo sọ iye rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Màmá da iyọ̀ náà padà sínú àpò. Ó ní kí n jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kí n pè é títí ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì á fi gbọ́. Gẹ́ètì ọ̀hún jìnnà, ẹ̀rọ sì ń dún. Mo pè é títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, gbogbo ilé iṣẹ́ ń wò mí. Nígbà tó yá ni a gbọ́ ohùn màígàádì láti ọ̀hún pé, "Mo ti gbọ́ o, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wọlé." Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún sọ fún mi pé ohùn mi kéré.

Orí àti ẹfun la fi ń ṣírò nígbà náà. Ara ògiri la ń kọ ọ́ sí, torí ìwé kì í pẹ́ nínú ooru àti omi wa. Á rọ̀, á sì ya. Tí ìṣirò bá parí, a ó nù ún nù, àfi ìdá nìkan, ìyẹn iye àwọ̀ tó máa bá ìwúwo aṣọ kan lọ. Iṣẹ́ náà ń lọ bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbà tó yá ni Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ìjọba ológun ló gbé e wá, wọ́n ní ká fara dà á, pé ó máa dáa. A fara dà á. Àwọ̀ tó ti ń wá láti ibì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibi gbogbo, èyí tí ọ̀gá bá ti rí rà la máa lò. Búlúù tòní lágbára, búlúù ọ̀la á dà bí ẹni pé wọ́n fi omi là á. Ní gbogbo ìgbà tí àgbá tuntun bá dé, a máa dán an wò lára aṣọ kékeré, ká tó mọ ìdá tuntun tó yẹ ká lò. Ìṣirò wá di ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ̀rọ ńlá bà jẹ́, kò sí ohun tí a fi máa tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tì ní Ọ̀gbà, òmíràn tì ní Àgídìngbì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń wá dúró sí gẹ́ètì wa láàárọ̀ bóyá wọ́n á rí nǹkan ṣe.

Àsìkò yẹn ni Ẹnjiníà Fọlárìn mú ẹ̀rọ ìṣirò wọ kíṣìnnì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun, ọmọlúàbí ni. Gbogbo wa mọ kalikulétọ̀ kékeré tí àwọn oníṣòwò ń lò. Èyí yàtọ̀. Ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, lẹ́tà wà lára rẹ̀ bíi ti ìwé a-b-d, ojú rẹ̀ sì gbòòrò bí fèrèsé. Ẹnjiníà tẹ nǹkan díẹ̀, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè fúnra rẹ̀, ó dé góńgó, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Rísì, tó ń bá wa tọ́jú kíṣìnnì, ní kó tún un ṣe kí òun wò ó.

Màmá Àbẹ̀ní ní, "Ìlà yìí, ṣé ó máa bá wa wọ̀n búlúù ni?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ìlà kọ́ ló jẹ́ kí òun mú un wá. Ó ní ẹ̀rọ náà ń gba ètò. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn máa sọ bí ìṣirò ṣe ń lọ fún un, á fi í pamọ́ sínú, tí wọ́n bá sì ti pè é, á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ láìṣàárẹ̀.

"Ṣé ó lẹ́nu?"

"Kò lẹ́nu, Màmá."

"Èmi kì í bá ohun tí kò lẹ́nu wọ̀n aró."

Ó padà sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹnjiníà kò jiyàn. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lórí tábìlì, èmi sì ni mo lọ bá a nígbà oúnjẹ ọ̀sán, torí ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn: báwo lèèyàn ṣe ń sọ nǹkan fún ohun tí kò létí?

Bó ṣe kọ́ mi nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ó ní kí n wo àwọn lẹ́tà yẹn bí igbá tó wà lórí pẹpẹ. Igbá A wà, igbá B wà, gbogbo wọn ṣófo. Tí mo bá tẹ àmì ìbéèrè, ẹ̀rọ á bi mí léèrè. Ọfà kékeré kan wà tó ń tọ́ka síwájú. Tí mo bá tẹ ọfà, tí mo tẹ A, ohun tí mo bá fi dá a lóhùn á dà sínú igbá A. Ìyẹn ni ìwúwo aṣọ. Lẹ́yìn náà màá sọ pé kó mú ohun tó wà nínú A, kó fi ìdá búlúù sọ ọ́ di púpọ̀, kó fi hàn mí, kó sì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún yẹ́lò, fún pupa, fún iyọ̀. Tó bá tán, màá ní kó padà sókè lọ bi mí ní ìwúwo aṣọ mìíràn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààyè inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí kò bá wúlò, o ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí i. Ìyẹn rọrùn fún mi. Ọwọ́ Màmá Àbẹ̀ní ni wọ́n ti tọ́ mi, òun náà kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò.

Ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ fúnra mi, mo ṣì ń rántí rẹ̀. Mo tẹ ìwúwo aṣọ kan, aṣọ kékeré ni, ẹ̀rọ sì fi iye búlúù hàn. Mo kígbe pè é. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ló yẹ kó dáhùn, òun ló ń da búlúù àti yẹ́lò. Kò dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Síkírá, aṣọ la fẹ́ rẹ àbí erin?"

Gbogbo kíṣìnnì bú sẹ́rìn-ín. Iye tí mo pè tó rẹ aṣọ odindi àwùjọ. Ẹnjiníà wá wò ó, ó rí i pé mo ti fi ìṣirò ṣáájú ìbéèrè. Ẹ̀rọ náà lọ mú ìwúwo aṣọ ńlá tó ti wà nínú igbá A láti àná, ìyẹn ló fi ṣírò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe rò lọ. Èmi tí wọ́n ti fi fífọ igbá dá lóró, mo lọ fi igbá tí a kò fọ̀ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ nínú gbogbo ètò mi ni pé kó da òdo sínú gbogbo igbá kó tó bèèrè ohunkóhun. Ìgbà tí Màmá Àbẹ̀ní gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ̀rọ náà ti ń fọ igbá? Ó ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn." Kò fọwọ́ kàn án síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún bu ẹnu àtẹ́ lù ú mọ́.

Báyìí ni ẹ̀rọ kékeré yẹn ṣe di ọmọ iṣẹ́ kíṣìnnì wa. Mo kọ ètò fún kakí, mo kọ fún àwọ̀ ewé, mo kọ fún aṣọ ilé ìwòsàn. Tí àgbá tuntun bá dé, màá yí ìdá rẹ̀ padà nínú ètò, ó tán. Àwọn òṣìṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ mìíràn ń yà wá wò ó. Ọkọ mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé ìyàwó òun ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń gbọ́. Mi ò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Ẹnjiníà Fọlárìn padà sí òkè òkun nígbà tó yá. Nǹkan le, kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Sìkírátù, ẹ̀yin lẹ ni ètò inú rẹ̀, ẹ kúkú mú ilé tí wọ́n ń gbé náà."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọjọ́ tó burú.

Iṣẹ́ ńlá kan dé, aṣọ iléèwé aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Ìdajì rẹ̀ la ó kọ́kọ́ rẹ, wọ́n á kó o lọ, ìdajì kejì á tẹ̀ lé e. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá bá wa ní kíṣìnnì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò parọ́ fún wa. Ó ní wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ àwọn ahunṣọ dúró, a sì mọ̀. Ó ní tí ìdajì kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá máa dá gbogbo rẹ̀ padà, òun á sì ti kíṣìnnì pa, kálukú wa á máa lọ sílé. Tó bá dọ́gba, wọ́n á tún gbé iṣẹ́ mìíràn wá, a ó máa bá a lọ. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ìdajì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀rọ ìsèṣọ kan náà la lò, ẹrù kan náà ló ń gbà nígbà gbogbo, nítorí náà iye kan náà la ń pè láàárọ̀ àti lọ́sàn-án títí a fi parí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń múra ìdajì kejì, ẹ̀rọ ìsèṣọ náà kú. Èyí tó kù kéré sí i, ẹrù tó ń gbà kò tó ti àkọ́kọ́. A ní láti ṣírò gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ọkàn mi balẹ̀. Ìdá wà nínú ètò, ìwúwo tuntun nìkan ni mo máa tẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọlé, mo bá Rísì tó ń dúró dè mí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ti kíyè sí i pé ojú ẹ̀rọ ìṣirò ti ń ṣú. Bátìrì ti ń rẹ̀ ẹ́, bátìrì tuntun sì wọ́n nígbà náà bí ojú. Ẹ bi àwọn ìyá yín, wọ́n mọ ohun tí gbogbo ilé máa ń ṣe sí bátìrì rédíò àti ti tọ́ọ̀ṣì tó bá ti ń kú lọ: a máa ń sá a sóòrùn. Ó máa ń jí díẹ̀ sí i. Rísì ti yọ gbogbo bátìrì ẹ̀rọ náà, ó ti tò wọ́n sórí páànù ilé jẹnẹrétọ̀, oòrùn ti pa wọ́n dáadáa, ó sì ti dá wọn padà.

Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí: "Ìyá Ràṣídì, ẹ wò ó. Mo ti sá a. Ojú rẹ̀ ti là."

Òótọ́ ni, ojú rẹ̀ là kedere. Mo pe ètò àwọ̀ ewé. Kò sí níbẹ̀. Mo pe ti kakí. Kò sí. Mo wò ó látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ náà mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n mú un dé. Bátìrì roboto kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ ohun tó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá yọ àwọn tó kù. Ìyẹn ti kú tipẹ́, ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀ pé ó wà. Ìdá tó wà lára ògiri, ti àwọ̀ àtijọ́ ni. Ti àgbá tuntun, inú ẹ̀rọ nìkan la fi í sí.

Rísì wo ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú. Ìyá Kúdí, tó ń wọ̀n yẹ́lò, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, pé àwọn ọmọ òun wà níléèwé. Màmá Àbẹ̀ní ní kó dákẹ́. Ó ní ta ni nínú wa tí kò tíì sá bátìrì sóòrùn rí? Rédíò tó wà nínú kíṣìnnì gan-an, bátìrì àsásóòrùn ló ń jẹ.

Ó wá kọjú sí mi. "Síkírá, ètò tó lọ yẹn, ta ló kọ ọ́?"

Mo ní èmi ni.

"Ọwọ́ tó kọ ọ́ ńkọ́, ó bá a lọ?"

"Ọwọ́ wà, Màmá. Ìdá ni mi ò ní. Bí mo ṣe máa kọ ètò, mo mọ̀ ọ́n. Iye àwọ̀ tó yẹ kí n fi sínú rẹ̀ ló ti lọ."

"Ìdá kò lọ. Ẹ̀rọ kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwa lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí a rẹ aṣọ yẹn, ṣé ìdákẹ́ la fi dà á?"

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Iye kan náà la ti ń pè láàárọ̀ lálẹ́ fún odindi ìdajì iṣẹ́. Ẹni tó wọ̀n ọ́n pè é, ẹni tó dà á tún un pè. Iye kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu èèyàn méjì. Mo sì mọ ìwúwo ẹrù ẹ̀rọ tó kú. Tí mo bá fi ìwúwo pín iye àwọ̀, ìdá á padà jáde. Mo jókòó, mo kọ ètò kúkúrú kan tó ń rìn sẹ́yìn: bi mí ní iye àwọ̀, bi mí ní ìwúwo aṣọ, pín in, fi ìdá hàn mí. Mo rántí kí n fọ igbá.

Búlúù jáde, ẹni tó pè é àti ẹni tó dà á sọ ohun kan náà. Pupa jáde bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ kò ṣòro, èmi ni mo ni í. A dé ọ̀dọ̀ yẹ́lò, ìjà dé. Ìyá Kúdí sọ iye kan. Ìyá Bọ̀sẹ̀, tó máa ń dá a lóhùn, sọ òmíràn. Ìyá Kúdí ní ṣé òun á gbàgbé ohun tí òun ń fi ọwọ́ ara òun wọ̀n ni. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní etí òun kò tíì di, pé òun kò sì tíì darúgbó tó ẹnì kan tí òun ń wò. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà orogún.

Màmá Àbẹ̀ní kò dá sí i. Ó kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kálukú sí ipò rẹ̀. Ẹ mú igbá òfìfo dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má fo yẹ́lò wá bá mi."

A dúró bí a ṣe máa ń dúró. A gbé igbá òfìfo. Mo pe iyọ̀, wọ́n dáhùn. Ẹni tó ń wọ̀n búlúù pè é, wọ́n dáhùn. Ti pupa pè, wọ́n dáhùn. Ọwọ́ ń lọ, ẹsẹ̀ ń lọ, ohùn ń gba ohùn bíi ti ọjọ́ gbogbo. Ìgbà tó kan yẹ́lò, Ìyá Kúdí pè é, Ìyá Bọ̀sẹ̀ sì dáhùn láìronú, iye kan náà bọ́ lẹ́nu wọn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Háà. Ti kakí ni mo ń rò." Ìyá Kúdí ní Ọlọ́run á dárí jì í, òun náà á gbìyànjú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́jọ́ yẹn àgbájọ ẹnu ni tiwa.

Mo kọ ètò àwọ̀ ewé lákọ̀tun. A kọ́kọ́ dán an wò lára aṣọ tó tó ìnujú nínú agolo, a fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, Màmá wò ó ní ẹnu ọ̀nà, ó mi orí. A wá gbé ẹrù sí i. Gbogbo àsìkò tí ẹ̀rọ fi ń sè é, ẹnikẹ́ni kò jẹun. Rísì ló ń da omi, kò gbé ojú sókè.

Nígbà tí aṣọ gbẹ, ọ̀gá àgbà mú èyí tó ṣẹ́kù nínú ìdajì àkọ́kọ́ wá. Màmá Àbẹ̀ní kò gbà kí wọ́n wò ó lábẹ́ iná mànàmáná, ó ní iná máa ń purọ́ fún àwọ̀. A kó méjèèjì lọ sí gẹ́ètì, sínú oòrùn, oòrùn kan náà tó kó wa sí wàhálà. Màmá kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ní kí ọ̀gá pààrọ̀ ipò aṣọ méjèèjì bó ṣe wù ú, kó wá pe òun. Ojú Màmá yìí, ẹ gbọ́ o, lè dá búlúù àná mọ̀ yàtọ̀ sí ti òní láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò rí i kó ṣìnà rí.

Ó yí padà. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì. Ó fi wọ́n sún mọ́ra, ó pa wọ́n pọ̀, ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ò mọ èwo lèwo."

Ọ̀gá àgbà wò ó, ó wo aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n mọ́, òun tí òun pààrọ̀ wọn. Ó ní ká máa báṣẹ́ lọ. Rísì ló kọ́kọ́ sunkún, Ìyá Kúdí ló sì fà á mọ́ra.

Kíṣìnnì kò tì. Iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e, a sì bá a débi tí ìjọba ológun fi lọ, tí kọ̀ǹpútà fi dé ọ́fíìsì, tó wá ń ṣe ohun tí ètò mi ń ṣe. Wọ́n fún mi láti máa bójú tó ìyẹn náà. Ẹ̀rù kò bà mí. Igbá ni, igbá tó pọ̀ díẹ̀ ni.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ tuntun máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, mo mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ iṣẹ́ náà sínú ẹnu àti ọwọ́ yín ná, kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ. Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ dénú, bó bá dànù, ẹ ó tún un bù.

Ohun kan ni mo fi kún ètò mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ̀rọ bá ti fi iye àwọ̀ hàn, kò ní lọ sí èyí tó kàn. Á kọ PÈ É sójú, á sì dúró. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, lẹ́tà lásán ló lè kọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n kà. Àfi kéèyàn pè é, kí wọ́n dáhùn, kó tó tẹ bọ́tìnnì tó máa jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Mo fi han Màmá Àbẹ̀ní. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó ti lẹ́nu báyìí."

Ọjọ́ tí Màmá fẹ̀yìn tì, ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó wá bá mi nídìí tábìlì. Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí láti ọjọ́ tó ti wọ kíṣìnnì. Ó ní kí n gbé e wá. Ó fi ìka kan tẹ ìwúwo aṣọ ọjọ́ náà, bí ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ìkòkò gbígbóná wò. Iye búlúù yọ. PÈ É yọ tẹ̀ lé e. Màmá Àbẹ̀ní kọjú sí kíṣìnnì, ó nà tán, ó sì pe iye náà.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ nìkan ló yẹ kó dáhùn. Gbogbo wa la dáhùn. Bí ohùn wa ṣe ń rọlẹ̀ tán, tí ó kù díẹ̀ kó tẹ bọ́tìnnì, a gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn, láti gẹ́ètì.

"Mo ti gbọ́ o, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wọlé."